Ẹ̀mú Èékánná Tí Kò Bàjẹ́

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ayégbajú rán akọ̀wé wọn sí mi pé kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sínú ìwé kékeré kan tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà lè mọ iṣẹ́ tí wọn yóò yàn. Akọ̀wé yìí, ọmọbìnrin tó lẹ èékánná pupa mọ́ ọwọ́ méjèèjì, tún ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi kún un, irú nẹ́ẹ̀lì kọ́tà tí èèyàn lè rà sílé tí kò ní tètè bàjẹ́." Mo wo èékánná rẹ̀, ó gùn tó ṣíbí ìmùkọ. Mo ní, "Ìwọ tí ò ń lẹ tìrẹ, kí lo fẹ́ gé?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ara mi kò yá tó láti bá a rín in, ṣùgbọ́n mo ṣèlérí pé n óò kọ ọ́.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ tètè pa ìwé dé. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe alágbẹ̀dẹ irin wẹ́wẹ́. Ẹ̀mú èékánná ni wọ́n mọ̀ mí mọ̀ láti Ìkọ̀lé títí dé Ùsì. Nínú gbogbo èyí tí mo ṣe, n kò rántí ẹyọ kan tó ṣẹ́ mọ́ oníbàárà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Dọ́káàsì ìyàwó mi, ọwọ́ mi yìí ló bà á jẹ́. Irin tí mo ṣe ṣì wà, ẹsẹ̀ tí mo ṣe é fún ni kò sí mọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀mú èékánná, ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, a fi ìṣó kan dè é lọ́rùn, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Èékánná ẹsẹ̀ àgbẹ̀ la ṣe é fún. Àgbẹ̀ tó ti ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ebè iṣu láti kékeré, èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí abẹ ìfárùngbọ̀n lè gé. Ó le bí ìwo ẹran. Bí a kò bá sì gé e, yóò ká wọ inú ara, yóò di egbò, oko kò sì ní ṣeé lọ.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Mo jáde ìwé mẹ́fà, kò sí owó láti tẹ̀síwájú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi lọ sí Ìkọ̀lé, ó fà mí lé Bàbá Táyọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀gá mi nìyẹn. Ó kúrú, ó gbẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń rẹ́rìn-ín, ìyẹn náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ẹni tó ń ka Bíbélì bá ṣì í kà.

Ọdún kìíní, ẹwìrì ni mo ń fín, èédú ni mo ń kó. N kò fọwọ́ kan òòlù. Ọdún kejì ni ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọwọ́ mi, ohun tó sì kọ́kọ́ kọ́ ọ kì í ṣe bí a ṣe ń lu irin. Bí ó bá ti fi irin pupa bọ omi, tí ó yọ ọ́, tí irin náà ṣì ń yọ èéfín, yóò nà án sí mi. "Mú un." Bí mo bá jù ú sílẹ̀, ẹnu ẹwìrì ni mo tún ń padà sí fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Mo sunkún títí. Ọwọ́ mi lé ròrò, ó bó, ó tún lé. Ní ọjọ́ kan tí mo jókòó sẹ́yìn àgbẹ̀dẹ tí mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́, ó wá bá mi níbẹ̀.

Ó ní, "Délé, ta ni ọ̀gá rẹ?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà."

Ó ní, "Irọ́ ni. Uná ni ọ̀gá rẹ. Ọwọ́ tó bá ń sá fún uná, kó wá uṣẹ́ mìíràn ṣe."

Nígbà tí yóò fi di ọdún kẹrin, awọ ọwọ́ mi ti nípọn bí àtẹ́lẹsẹ̀. Mo lè fi ìka méjì mú ẹ̀yin iná láti inú arọ àgbẹ̀dẹ, kí n fi tan sìgá fún oníbàárà. Àwọn ènìyàn á pariwo, inú mi á sì dùn. Mo rò pé ọ̀gá mi fún mi ní nǹkan ni. Kò yé mi pé ó gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ó kọ́ mi ní iṣẹ́. Ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń ro imú, irin tó bá tọ́ sí èékánná náà ló sì ń lò. Irin sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù tó ti darúgbó ló fẹ́ràn jù. Yóò jẹ́ kó bọ́ sórí òkúta, yóò dẹtí sí i. Èyí tó bá dáhùn bí agogo, a mú un. Èyí tó bá dáhùn bí igi, ó ti là nínú, a jù ú nù. Bí a bá ṣe ẹ̀mú tán, yóò pa ẹnu rẹ̀ dé, yóò gbé e sójú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín eyín méjèèjì kọjá, èmi nìyẹn, mo tún wọ gàù, nítorí irú ẹ̀mú bẹ́ẹ̀ kì í gé èékánná, ńṣe ló ń fà á ya. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ìka ti ìṣó ọrùn rẹ̀ wò, kó má mì, kó má sì le jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè nẹ́ẹ̀lì kọ́tà tó lè pẹ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ì báà jẹ́ ti òyìnbó. Èyí tó bá ń dán jù, ẹ fura sí i, ọ̀dà ni wọ́n fi bo ìpẹtà. Ẹ má yá ará ilé kejì lò. Bí ẹ bá lò ó tán, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi àdín pa á lára. Mo ti dáhùn ìbéèrè akọ̀wé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ọ̀gá mi máa ń ṣe tí kò kọ́ wa. Kì í ta ẹ̀mú fún arúgbó láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi rẹ́ èékánná ẹsẹ̀ onítọ̀hún lójú gbogbo ènìyàn. Èékánná gbígbẹ a máa là, nítorí náà a ó gbé omi kaná lórí arọ, a ó bù ú sínú bàsíà, arúgbó yóò sì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kó lè rọ̀. Kí ẹsẹ̀ tó kan omi yẹn, ọ̀gá mi yóò yíjú sí ẹ̀yìnkùlé, yóò ké pe ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Táyọ̀! Wá bá mi kan omi yìí wò o!"

Ohun yòówù tí obìnrin náà ì báà máa ṣe, ì báà máa gúnyán lọ́wọ́, yóò wá. Yóò nu ọwọ́, yóò tì í bọ inú bàsíà, yóò ní, "Ó pọ̀," a ó bu omi tútù sí i. Yóò tún kàn án, yóò ní, "Ó tó," yóò sì padà sí ìdí odó rẹ̀. Lójoojúmọ́ tí arúgbó bá wá nìyí. Àwa ọmọ iṣẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Èmi ni mo tilẹ̀ mọ̀ ọ́n sín jẹ jù. Ọkùnrin tó ń fọwọ́ mú irin gbígbóná, kó máa pe obìnrin láti ìdí odó kó wá kan omi! A ní ọ̀gá wa ti di ọba, omi ló kù tí kò lè fọwọ́ kàn.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Táyọ̀ lọ sí oko, arúgbó kan sì jókòó tó ń dúró. Mo ki ọwọ́ bọ omi, mo ní, "Ọ̀gá, mo ti kàn án wò, ó dára." Ó gbá mi létí. Ó ní, "Ṣé ọwọ́ tìrẹ ni mo béèrè?" Arúgbó náà jókòó títí obìnrin náà fi ti oko dé. N kò bi í léèrè ìdí rẹ̀, òun náà kò sọ. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti rí láyé ìgbà yẹn nìyẹn, ọ̀gá ń lù ọ́, ìwọ ń kọ́ṣẹ́.

Mo gba òmìnira, mo padà sí Ayégbajú, mo dá àgbẹ̀dẹ tèmi sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀yẹ́. Owó tó ń wọlé tó jẹun, ó sì tó rán Bọ́sẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, lọ sí ilé ìwé títí ó fi di tíṣà ní Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ owó mọ síbẹ̀.

Ìdí ẹ̀mú ni mo ti pàdé Dọ́káàsì. Ọmọ Ìsàn ni. Ó wá ra ọ̀kan fún bàbá rẹ̀. Mo nà án sí i, ó yọ bàtà, ó fi gé èékánná ara rẹ̀ níbẹ̀, ó sì dá a padà fún mi. Ó ní, "Ẹ̀mú yìí ń fà." Mo bínú. Mo gbé e sójú oòrùn, mo rí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín láàárín eyín rẹ̀. Mo tún un ṣe. Ó tún padà wá, ó tún ní ó ń fà, kò sì fà mọ́ rárá nígbà náà. Ìgbà kẹta tó padà wá ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀mú ló ń bá wá.

Nínú àgbẹ̀dẹ tèmi, n kò pe ẹnikẹ́ni kó wá kan omi. Mo ní èmi kì í ṣe ọba. Mo ń fọwọ́ ara mi kàn án, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé bí omi bá gbóná jù, arúgbó tó ni ẹsẹ̀ yóò pariwo, "Yéè, Délé, ṣé o fẹ́ sè mí ni!" Yóò fa ẹsẹ̀ yọ, a ó rẹ́rìn-ín, n óò bu omi tútù sí i. Ọdún gorí ọdún báyìí. Ariwo àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ló ń bá mi kan omi, èmi rò pé ọwọ́ mi ni.

Ayé ń yí, irin iṣẹ́ náà ń yí. Mo pa ẹwìrì awọ tì, mo ra èyí tí a ń fọwọ́ yí tó ń fẹ́ atẹ́gùn. Mo ra ẹ̀rọ ìpọ́nrin oníná mànàmáná, iná kò sì wá. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń kiri ọjà gbé nẹ́ẹ̀lì kọ́tà dé nínú abọ́, ó ń dán yanran, àwọn ènìyàn sì yà sí i. Mo ra ọ̀kan, mo fi gé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ bí ṣíbí ọmọdé. Mo fi kọ́ ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ kí àwọn ènìyàn lè rí i. Wọ́n rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ rà á. Ọmọ iṣẹ́ mi tó kẹ́yìn fi mí sílẹ̀, ó lọ ń gun ọ̀kadà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, èmi àti Dọ́káàsì nìkan la kù nílé, òun nídìí iṣu tó ń tà, èmi nídìí irin tí ẹnìkan kò rà.

Àtọ̀gbẹ ló kọ́kọ́ mú Dọ́káàsì. Ó ń gbẹ, ó ń mu omi ṣáá. Wọ́n fún un lóògùn, ó sì ń lò ó. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ ìyá ni kí ẹ bá wa ṣọ́ o. Kò gbọ́dọ̀ fara gbọgbẹ́. Bí nǹkan bá ṣe é níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lè má mọ̀." Òótọ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ó ti ọjà Ìkọ̀lé dé pẹ̀lú òkúta kékeré nínú bàtà, ó sì ti fi rìn láti àárọ̀. Mo mú ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì náà sọ́kàn. Gbogbo ohun tó kù fún mi láyé ni kí ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn má gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ni mí. Wọ́n ní ọgbẹ́, irin ni mo rò.

Mo wá irin sípíríǹgì kan tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ òmìnira, mo tún iná dá. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó ń wá níbẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe ẹ̀mú kan ṣoṣo, onímú róbótó tí kò lè gún ara, ẹlẹ́nu mímú tí kò ní fa èékánná. Mo gbé e sójú oòrùn, kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan. N kò ṣe irin tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ọjọ́ Sátidé ni, Ìkórè ku ọ̀la. Dọ́káàsì fẹ́ wọ bàtà tó ṣí lójú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé omi kaná, mo bù ú sí bàsíà, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lọ́wọ́ tèmi, ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo ní kó ki ẹsẹ̀ òsì bọ̀ ọ́.

Mo bi í, "Ṣé kò gbóná jù?"

Ó ní, "Éè gbóná rárá, Bàbá Bọ́sẹ̀. Ṣé uná kú ni? Bu díẹ̀ sí i."

Mo bu omi gbígbóná sí i. Mo tún bi í. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ọwọ́ tí kò gbọ́ iná bi ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ iná léèrè, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan. Ó ń sọ fún mi nípa aṣọ tí ìyàwó alága ìjọ fẹ́ wọ̀, mo ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo gbé ẹsẹ̀ náà lé orúnkún mi, mo rẹ́ èékánná márààrún. Wọn kò là, wọn kò ya. Mo ní kó wò ó, ó wò ó, ó ní, "Ọkọ mi, ọwọ́ rẹ ṣì dá." Mo mú aṣọ ìnura, mo fi nu ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, awọ ẹsẹ̀ náà sì bá aṣọ wá.

Ojú mi ló kọ́kọ́ wò, kó tó wo ẹsẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé?"

N kò ní kọ gbogbo ohun tó tẹ̀lé e. Wọ́n ń di í, wọ́n ń tú u, ó ń dúdú sí i. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé wa lọ ní Ìdó, dókítà ní àfi kí àwọn gé e lókè ọrùn ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò pa á. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé. Ọwọ́ kan náà yẹn ni mo fi fọwọ́ sí i.

Wọ́n gbé e fún mi nínú ọ̀rá dúdú pé kí n lọ sin ín. Mo wọ takisí láti Ìdó pẹ̀lú ọ̀rá náà lórí itan, àwọn tó jókòó tì mí ń ṣàròyé pé iṣu ti wọ́n. Mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn àgbẹ̀dẹ. N kò mọ ohun tó mú mi tú ọ̀rá náà kí n tó bò ó. Gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, àfi èékánná márùn-ún yẹn, tí wọ́n ṣì mọ́ bí mo ṣe gé wọn. Mo jókòó sílẹ̀, mo ké bí ọmọdé.

Àwọn ènìyàn wá kí wa. Wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Mo mọ̀ pé ire ni wọ́n ń wí, pé ìyàwó mi ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ti dárúkọ omi, ọwọ́ mi ni mo máa ń wò.

Nígbà tí Dọ́káàsì sinmi díẹ̀, mo lọ sí Ìkọ̀lé. Ọ̀gá mi ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n Ìyá Táyọ̀ wà, ó ti darúgbó, etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ìyá wa, ohun kan ni mo wá béèrè. Kí ló dé tí ọ̀gá fi máa ń pè yín kí ẹ wá kan omi?"

Ó ní, "Délé, ṣé éè sọ fún un yín ni?"

Mo ní kò sọ.

Ó ní, "Ọmọ wa àkọ́bí ni, kí á tó bí Táyọ̀. Mo lọ sí oko, ọ̀gá yín fẹ́ bá mi wẹ̀ ẹ́. Ó kan omi, ó ní ó dáa. Ọwọ́ rẹ̀ éè gbọ́ uná mọ́, òun fúnra rẹ̀ éè sì mọ̀. Ọmọ náà éè lò ju ọjọ́ mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà ló ti ní òun éè ní kan omi fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní kí n má sọ ọ́ nínú ulé, kí n má sọ ọ́ níta. Ojú ń tì í, ọmọ mi."

Ojú ń tì í. Ìtìjú yẹn ló fi gbá mi létí dípò kó là mí lóye. Mo jókòó nílé rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, n kò mọ ẹni tí n óò bínú sí. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọ̀gá mi mọ gbogbo ohun tó wà lára irin, kò sì lè sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ óò rò pé èmi tó mọ ìyẹn, n óò gbọ́n. Ẹ tẹ́tí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kù. Bí ó bá di Sátidé, Dọ́káàsì yóò gbé e lé orí àpótí níwájú mi.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, uṣẹ́ rẹ dé o."

N óò ní, "Ojú mi kò ríran tó mọ́. Jẹ́ kí Bọ́sẹ̀ dé."

"Ojú tó rí kòkòrò lára uṣu mi lánàá?"

N óò dìde, n óò jáde. Lọ́jọ́ kan ó di aṣọ mi mú. Kò ṣàwàdà lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́, o mọ̀. Ẹsẹ̀ kan ló kù fún mi. Ùwọ ni mo fẹ́ kí o bá mi ṣọ́ ọ, mè fẹ́ ẹlòmíràn." Mo ní mo gbọ́. Mo lọ jókòó sínú àgbẹ̀dẹ tí kò níná. Ojú ń ti èmi náà. Mo rò pé bí n kò bá fọwọ́ kàn án, n kò ní lè bà á jẹ́.

Bọ́sẹ̀ ló ń wá ní ìparí oṣù, òun ló ń bá a gé e. Nígbà tó bímọ, kò lè wá fún ìgbà díẹ̀. Dọ́káàsì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ nítorí òtútù, n kò bọ́ ọ wò. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ká wọ inú ara, ohun tí mo ti fi ogójì ọdún gba àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun kò mọ̀ ọ́n lára. Òórùn la fi mọ̀. Egbò náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ kí á tó dé ilé ìwòsàn, Dọ́káàsì sì kú kí wọ́n tó tún gé ohunkóhun. Agbè náà fọ́.

Àwọn obìnrin tó wá wẹ òkú rẹ̀ jáde bá mi lọ́dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá, ṣé ẹ ní nẹ́ẹ̀lì kọ́tà nílé? Èékánná Màmá ti gùn." Mo wọlé, mo mú ẹ̀mú onímú róbótó yẹn wá láti inú àdín tó wà. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ bó ṣe ń gé e. Kò fà rárá.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń yan iṣẹ́, n kò ní sọ pé kí ẹ ṣe alágbẹ̀dẹ, n kò sì ní sọ pé kí ẹ má ṣe é. Iṣẹ́ tí ẹ bá kọ́ yóò mú nǹkan lára yín, ẹ wádìí ohun tó jẹ́, kó tó di pé ẹlòmíràn ló san án. Ọ̀gá tó bá gbá yín létí, ẹ farabalẹ̀, ẹ tún bi í léèrè lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀mú yẹn wà lójú fèrèsé mi, kò dógùn-ún, ìṣó rẹ̀ kò mì. Akọ̀wé, tó o bá fẹ́ èyí tí kò ní bàjẹ́, wá mú un.

Ọyẹ́ ti dé báyìí, òwúrọ̀ Ayégbajú tutù wọ eegun. Bọ́sẹ̀ ra ìkòkò ìgbómikaná oníná fún mi, ó ń bínú pé n kò lò ó. Omi tútù ni mo fi ń wẹ̀. Kì í ṣe pé ara mi le. Bí mo bá gbé omi kaná, kò sí ẹnikẹ́ni nílé tí n óò pè kó wá bá mi kàn án wò.